Ceviche fún àlejò 8: bẹ́ ẹ ṣe máa gbé ẹja tí ò rí iná síwájú èèyàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń rí i pé àwọn ará wa ní London àti Houston ti ń fi ẹja tí ò rí iná ṣí pátì báyìí, kí ìrẹsì àti ẹran tó jáde, inú mi sì dùn sí i torí oúnjẹ aládùn ni, àmọ́ bí àwọn míì ṣe ń ṣe é ń bà mí lẹ́rù: wọ́n á ra ẹja nírọ̀lẹ́, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó parí. Kò parí o. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ṣoṣo ká ṣe é dáadáa, ìyẹn ceviche ti àwọn ará Peru. Àlejò 8 ni mo fi ṣe òdiwọ̀n, tí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ kàn ṣírò ẹ̀ sókè.

Àwọn ará Peru ò fi oúnjẹ yìí ṣeré rárá. Wọ́n ya 28 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún, UNESCO náà sì kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú ní 2023. Ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́ ní Lima, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tó ń tà á níbẹ̀ á ti palẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ẹja tó dé láàárọ̀ ni wọ́n fẹ́ lò. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀: ẹja òkun, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, àlùbọ́sà pupa, ata, ewé koriáńdà. Ọ̀dùnkún àti àgbàdo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé gbogbo wa kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ ni pé ọsàn ò se ẹja. Ẹja náà á funfun, á le díẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti jinná, ṣùgbọ́n omi ọsàn ò pa aràn tó bá wà nínú ẹ̀, kò sì ṣe é gbọ́kàn lé fún àwọn kòkòrò àìfojúrí. Aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní Anisakis, ara ẹja òkun ló ń gbé, ó rí tíńrín, ó ká jọ bí òwú, téèyàn bá gbé e mì láàyè ó lè bu ògiri ikùn jẹ, ìrora ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Iná ló ń pa á, tàbí òtútù tó le gan-an. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ yìí fi wà níbi ríra ẹja àti bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀, lọ́jọ́ àlejò gan-an pípò ẹ̀ ò gbà ju ogún mínítì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ẹ bi àwọn àlejò

Ẹ pe àwọn tó ń bọ̀, ẹ sọ fún wọn gbangba pé ẹja tí ò rí iná máa wà níbẹ̀. Ẹ má gbé e síwájú bàbá ìyàwó yín kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, kò bójú mu. Ẹ béèrè ẹni tí ara ẹ̀ kì í gba ẹja tàbí edé. Aláboyún, ọmọdé kékeré, àwọn àgbà tí ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, àti ẹnikẹ́ni tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ara kù, gbogbo wọn, ẹ má fún wọn ní ẹja tí ò rí iná, kódà kí wọ́n ní kò sí nǹkan tó máa ṣe àwọn.

Ìyẹn ò ní kí wọ́n jókòó lásán kí wọ́n máa wo àwọn yòókù o. Ẹ bọ edé ńláńlá kó jinná dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù nínú fíríìjì, ẹ po omi ọsàn, àlùbọ́sà, ata àti koriáńdà tiẹ̀ lọ́tọ̀ nínú abọ́ ọ̀tọ̀, á dùn, á sì jọ ti àwọn tó kù lójú. Tí ara ẹnì kan ò bá gba edé, ẹja tẹ́ ẹ bọ̀ jinná ni kẹ́ ẹ fi ṣe tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rántí ni pé ṣíbí tẹ́ ẹ fi kan ẹja tútù ò gbọ́dọ̀ kan abọ́ yẹn, omi ọsàn tó ti kan ẹja tútù náà ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹja wo?

Ẹja òkun ni. Ẹ gbàgbé ẹja àrọ̀ àti tìlápíà fún iṣẹ́ yìí pátápátá, àti ẹja odò èyíkéyìí, bó ti wù kó ṣì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún nígbà tẹ́ ẹ rà á. Ẹja inú omi tí ò níyọ̀ máa ń gbé oríṣi aràn míì, àwọn tó ń wọ ẹ̀dọ̀ àti ìfun lọ, ní Thailand àti Laos ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ẹ̀dọ̀ látàrí ẹja odò tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Ata àti iná ni ti ẹja àrọ̀.

Corvina àti lenguado ni wọ́n fẹ́ràn ní Lima, ẹja funfun tí ẹran ẹ̀ le dáadáa. Corvina yẹn, ìdílé kan náà lòun àti croaker tá à ń rà l'Ékòó. Tẹ́ ẹ bá wà nílùú Ọba, ẹ wá sea bass tàbí sea bream, tàbí salmon tí wọ́n sìn. Ẹ yẹra fún pánlá, aràn Anisakis yẹn wọ́pọ̀ lára ẹ̀ gan-an. Títúsì àti tuna ní ìṣòro tiwọn: tí òtútù bá ti fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n pa wọ́n, oró kan tí wọ́n ń pè ní histamine á gbára jọ nínú ẹran wọn, iná ò lè mú un kúrò, fírísà ò lè mú un kúrò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á rí i pé ojú òun pọ́n, ara á máa yún un, orí á fọ́ ọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi àwọn ẹja yẹn sílẹ̀.

Nípa salmon, àwọn ará Japan fúnra wọn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹja tútù kì í jẹ salmon òkun tiwọn láìsè é tẹ́lẹ̀, torí aràn yìí náà ni, Norway ló gbé salmon tí wọ́n sìn tọ̀ wọ́n lọ láàárín 1980 sí 1990 tó fi di ohun tí wọ́n ń gbé lé sushi, ìrẹsì wọn tí wọ́n máa ń fi ẹja tútù sí. Ẹja tí wọ́n fi oúnjẹ àpò sìn látìgbà tó ti wà ní kékeré kì í sábà rí ohun tó máa kó aràn ràn án, ìyẹn ni òfin fi gbà kí wọ́n tà á fún jíjẹ ní tútù láìgbé e sí fírísà nílùú Ọba àti ní Yúróòpù.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, ẹ má kàn ní ẹ fẹ́ ẹja tó dáa. Ẹ sọ pé: mo fẹ́ jẹ ẹ́ láìsè é, ṣé wọ́n sìn ín ni àbí òkun ni wọ́n ti pa á, ṣé wọ́n ti gbé e sí fírísà nítorí aràn, ìwọ̀n òtútù wo, fún ìgbà wo? Ẹlẹ́ja tó mọṣẹ́ á dá yín lóhùn láìronú. Èyí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Àkọlé "sushi grade" tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, pé ó tó jẹ ní tútù, ò ní ìtumọ̀ kankan lábẹ́ òfin, ẹni tó ń tajà ló ń fi síbẹ̀ fúnra ẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè yín ló níye lórí ju àkọlé lọ.

Ojú ẹja kó dán kó yọ síta, ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kó pupa, kó má ṣe pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ ẹran ẹ̀ kó padà sókè kíá. Òórùn òkun ni kó máa jáde lára ẹ̀, tó bá ti ń rùn bí ẹja, ẹ dín in.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀. Ẹja tó ti yọ́, tí wọ́n tún mú un dì nígbà tí iná dé, tó tún yọ́, ẹ máa rí ègé áìsì wínníwínní tó pọ̀ nínú ọ̀rá ẹ̀, ẹran ẹ̀ á sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ó ṣì lè dáa fún ọbẹ̀, kò dáa fún èyí. Tí kò bá sí ibi tẹ́ ẹ ti lè ra ẹja tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀ láti òkun dé ọwọ́ yín, edé bíbọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe fún gbogbo àlejò, ẹ má fi ẹ̀mí èèyàn dán nǹkan wò.

Òtútù

Òfin ìlú Ọba àti ti Yúróòpù ní kí ẹja tí wọ́n pa lókun, tí wọ́n máa jẹ láìsè, wà ní -20°C fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí òtútù náà sì dé àárín ẹran ẹ̀, tàbí -35°C fún wákàtí 15. Ti Amẹ́ríkà ní -20°C fún ọjọ́ 7. Ẹ̀rọ ńlá àwọn ilé iṣẹ́ ẹja máa ń tètè dé ibẹ̀, fírísà inú ilé sábà máa ń dúró sí -18°C, àwọn míì ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ torí pé à ń ṣí i ṣáá. Nítorí náà ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ra èyí tí ẹlẹ́ja ti ṣe tiẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ ṣe é nílé, ẹ ra tẹmómítà fírísà, owó ẹ̀ ò pọ̀, ẹ yí fírísà yín sí ibi tó tutù jù, tí tẹmómítà bá ti fi -20°C hàn ẹ gbé ẹja náà sí i ní pẹlẹbẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 gbáko láti ìgbà tó ti dì gbagidi. Òtútù yìí ń pa aràn o, kì í pa kòkòrò àìfojúrí, wọ́n kàn máa sùn ni, tó bá yọ́ wọ́n á jí. Torí ẹ̀ ni ìmọ́tótó ò fi lè sinmi.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pátì, ẹ gbé e bọ́ sínú fíríìjì kó yọ́ díẹ̀díẹ̀, lórí abọ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá kí omi ẹ̀ má bàa kán sórí nǹkan míì. Tó bá jẹ́ inú ọ̀rá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde ló wà, ẹ gé ọ̀rá yẹn kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó yọ́, torí kòkòrò kan wà tó ń fẹ́ ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, oró ẹ̀ lágbára púpọ̀. Ẹ má gbé e sórí kántà kíṣìn, ẹ má dà omi gbígbóná sí i.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ

Ẹja 800 g tí wọ́n ti la, tí kò ní egungun, tí kò ní awọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ 12 sí 15, tó máa fún yín ní omi bíi 300 ml. Àlùbọ́sà pupa 2. Ata rodo 1, ó pọ̀ jù 2. Ewé koriáńdà ẹ̀kúnwọ́ kan. Iyọ̀ ṣíbí tíì 2. Sẹ́lẹ́rì igi kékeré kan, ááyù wóró 1, atalẹ̀ bí ìdajì ìka. Ọ̀dùnkún 3, àgbàdo 3, létùùsì. Áìsì tó pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi omi mímu ṣe èyí tó máa kan oúnjẹ. Nígbà tí kọ́lẹ́rà wọ Peru ní 1991, àwọn èèyàn sá fún ceviche níbẹ̀, omi tí ò mọ́ sì wà lára ohun tó ń gbé àìsàn náà kiri, ẹ má fojú kéré omi.

Ata tí wọ́n ń lò ní Peru ni ají limo. Àwa ò nílò ká máa wá a kiri, ata rodo wa àti ẹ̀, ẹ̀yà ata kan náà ni wọ́n, òórùn dídùn yẹn wà nínú àwọn méjèèjì, tiwa tiẹ̀ yẹ ẹ́ jù ata èyíkéyìí tí mo mọ̀ tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà

Ẹ se ọ̀dùnkún àti àgbàdo, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù. Ẹ gé ọ̀dùnkún ní róbótó, ẹ ṣí wóró àgbàdo. Ẹ gé àlùbọ́sà tíńrín tíńrín ní gígùn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi áìsì fún mínítì 10, ìyẹn á mú títa ẹ̀ kúrò, á sì jẹ́ kó máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, ẹ sẹ́ ẹ kúrò lómi dáadáa. Ẹ yọ irúgbìn ata rodo, ẹ gé e wínníwínní. Ẹ gbé abọ́ àlejò 8 sínú fíríìjì kí àwọn náà tutù.

Ẹja ló kàn. Ẹ fọwọ́ yín, ẹ lo pákó tí ò kan ẹran àti ọ̀bẹ tó mú gidi, ọ̀bẹ tí ò mú á fa ẹja ya. Ẹ fi tíṣù kíṣìn nu ẹja gbẹ, ẹ fi ìka wá egungun kéékèèké tó wà láàárín, ẹ fi ẹ̀mú kékeré fa wọ́n yọ. Ẹ gbé ẹja sókè sí ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí aràn nínú ẹ̀, ẹ sè é jẹ. Ẹ gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, bíi 2 cm, ẹ kó àwọn etí etí tí ò gún régé sọ́tọ̀, bíi 60 g, ẹ bò ó, ó di inú fíríìjì, kó sì wà níbẹ̀ ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ fún ọsàn báyìí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún un ní Peru ni pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ìlàjì títẹ̀, torí omi tó ń jáde nígbà téèyàn bá fún èèpo ẹ̀ pọ̀ máa ń korò. Ẹni tó bá ti tọ́ ceviche tó korò wò á mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Ẹ mú etí ẹja 60 g yẹn, omi ọsàn náà, sẹ́lẹ́rì, ááyù, atalẹ̀, igi koriáńdà díẹ̀, àlùbọ́sà bíbẹ́ kan àti áìsì wóró 4, ẹ dà wọ́n sínú bílẹ́ńdà, kó yí fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Leche de tigre nìyẹn, omi funfun tó dà bí ògì tó ṣàn, òun ló ń fún gbogbo ẹ̀ ládùn. Ẹja tútù wà nínú ẹ̀, nítorí náà ẹ má bù ú fún àwọn tó ń jẹ edé bíbọ̀. Ó di fíríìjì.

Pípò ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò ó títí àwọn èèyàn á fi jókòó. A mọ ara wa, ìwé ìpè lè sọ aago kan kí àwọn èèyàn dé ní aago mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá ti po ẹja náà ní aago kan ó ti rọ, ó ti gbó nínú ọsàn. Àwọn tó wà lórí àga ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má ka aago.

Tí wọ́n bá ti jókòó, ẹ gbé abọ́ gíláàsì tàbí tánganran jáde, kì í ṣe àlúmíníọ̀mù, ọsàn á jẹ ẹ́, oúnjẹ á sì máa tọ́ bí irin. Ẹ fi ẹja sí i, ẹ bu iyọ̀ sí i kẹ́ ẹ sì rò ó pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún mínítì kan tàbí méjì. Iyọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ọsàn kó lè ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà ata rodo àti ewé koriáńdà tẹ́ ẹ ti gé, lẹ́yìn náà leche de tigre, áìsì wóró 3 tàbí 4, ẹ rò ó, kẹ́ ẹ yọ áìsì náà kó tó yọ́ sínú ẹ̀. Mínítì 5 sí 10 ti tó. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, òde òní Lima ti fi ìyẹn sílẹ̀, ìta ẹja á ti funfun, àárín ẹ̀ á ṣì rọ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ tọ́ omi ẹ̀ wò, tó bá kan jù ẹ fi iyọ̀ bíńtín kún un, kẹ́ ẹ fi àlùbọ́sà lé e lórí.

Gbígbé e jáde

Ẹ bù ú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ tutù, ewé létùùsì kan nísàlẹ̀, ẹja bíi ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin, ọ̀dùnkún méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbàdo díẹ̀, kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ lé e. Ṣíbí ni kẹ́ ẹ fún wọn, fọ́ọ̀kì ò lè bu omi, omi yẹn sì ni àwọn Peru máa ń gbé mu kẹ́yìn. Ọ̀dùnkún wà níbẹ̀ nítorí ìkan àti ata, ẹ má yọ ọ́ kúrò torí pé ẹ rò pé ó jẹ́ oúnjẹ ilé. Wọ́n tún máa ń gbé àgbàdo yíyan tó ń jẹ́ cancha kalẹ̀, gúgúrú oníyọ̀ tiwa máa ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Mi ò fara mọ́ kí wọ́n gbé e sínú abọ́ ńlá kan lórí tábìlì kí kálukú máa bù ú nígbà tó bá wù ú. Tó bá di dandan, ẹ kó áìsì sínú tírèè jíjìn, ẹ gbé abọ́ náà lé e, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbé e jáde kí ìyókù wà nínú fíríìjì. Gbogbo àkókò tó fi wà níta fíríìjì ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ, tí ooru ibẹ̀ bá ju 32°C lọ, wákàtí 1. Pátì abẹ́ kánópì l'Ékòó, wákàtí 1 ni kẹ́ ẹ máa kà.

Tí wọ́n bá ti jẹ tán, ẹ kó àwọn abọ́ kúrò kí oúnjẹ tó kàn tó jáde. Èyí tó bá kù nínú abọ́, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́jú ẹ̀ di ọ̀la. Ẹja tẹ́ ẹ ti gé tí ọsàn ò tíì kàn, tó ṣì wà nínú fíríìjì, ẹ dín in jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ pákó, ọ̀bẹ, bílẹ́ńdà, asẹ́ àti ojú kántà, kẹ́ ẹ ju kànrìnkàn yẹn nù.

Ẹ tọ́jú pépà tó wà lára ọ̀rá ẹja náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Tí ojú ẹnì kan bá pọ́n tí ara ń yún un láàárín wákàtí kan sí méjì, tàbí tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í gún un gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà tó sì ń bì, kó má máa mu àgbo káàkiri, kó lọ sílé ìwòsàn, kó sọ fún dókítà pé ẹja tí wọn ò sè lòun jẹ, irú ẹja tó jẹ́, àti aago tó jẹ ẹ́. Aràn Anisakis yẹn, tí wọ́n bá tètè mọ̀, dókítà lè fi kámẹ́rà wọ inú ikùn láti ọ̀nà ẹnu kó sì fà á yọ, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá dárúkọ ẹja, wọ́n lè máa tọ́jú ọgbẹ́ inú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.